Ọba tó wà lórí bébà Bàbá: ohun tí mo rí nídìí Open Domesday àti Medieval Lands

Bébà mẹ́jọ ni Bàbá fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ pọ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun bí ẹni tẹ́ aṣọ, etí rẹ̀ kan sì ń fì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lókè pátápátá ni William Aṣẹ́gun wà, ọba tó kó ogun láti Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066. Nísàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ Bàbá fúnra rẹ̀ wà. Ó fi ìka tọ ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí pé ọmọ ọba lo ń tọ́jú?"

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kò jìnnà sí ìlú Lewes. Òyìnbó tí mò ń lọ bá láràárọ̀ yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bàbá ni mò ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Tíṣà ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ojú àti orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. Orúkọ ìdílé rẹ̀ jọ Warenne, orúkọ àwọn ìjòyè tó kọ́ ilé olódi Lewes, àti láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un nílé wọn pé ara wọn lòun. Bó ṣe rí i pé mo mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀, mo di akọ̀wé. Oṣù mẹ́rin la fi ń tọ ìran rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì mẹ́ta la lò jù: ọ̀kan tó ń gbowó oṣooṣù, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àti méjì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Open Domesday àti Medieval Lands.

Èyí tó ń gbowó rọrùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. O ó kọ orúkọ bàbá rẹ, o ó kọ ti bàbá bàbá rẹ, òun náà á sì wí pé òun ti rí ẹnì kan tó jọ ọ́ níbì kan, ṣé kí òun so ó mọ́ ọn? O ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹlòmíràn á tún yọjú lókè ẹni yẹn. Alẹ́ mẹ́ta péré, a ti dé ọdún 1500. Ní alẹ́ kẹrin, a ti wọ ààfin. Inú Bàbá dùn débi pé ó gbàgbé oògùn alẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sáré rántí.

Ibi tí ara ti kọ́kọ́ fu mí ni obìnrin kan tó wà ní bébà kẹta láti òkè. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ìyá yìí. Ọdún 1310 ni wọ́n bí i. Ọdún 1318 ló bímọ." Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ ọn, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Bóyá ó tètè gbọ́n."

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló sọ ọ́. Mo tẹ orúkọ kan, mo rí i pé inú àtẹ ìdílé ẹlòmíràn ni wọ́n ti dà á kọ. Mo tẹ ti ẹni yẹn, inú ti ẹlòmíràn lòun náà ti mú un. Ogún ènìyàn ló gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kò sì sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó rí ìwé kankan. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n sọ fún wa kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ wa ni pé ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, tó pàṣẹ kí àwọn ìjọ máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ṣèrìbọmi fún, ẹni tó ṣègbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin. Ṣáájú ìyẹn, bí o kò bá ní ilẹ̀, tí o kò rojọ́ nílé ẹjọ́, tí o kò sì jẹ gbèsè owó orí, ta ni yóò kọ orúkọ rẹ sílẹ̀? Earl (oyè ìjòyè ńlá ni) tó jẹ gbẹ̀yìn nínú àwọn Warenne kú ní 1347. Láàárín ọdún yẹn àti 1538, igba ọdún ó dín díẹ̀, orúkọ márùn-ún ló wà lórí bébà Bàbá, kò sí ẹ̀rí kan nídìí wọn. Mo ní kí wọ́n dá owó dúró. Wọ́n tún yọ ti oṣù kan sí i.

Open Domesday ni mo kọ́kọ́ gbádùn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1085, ní Gloucester, William pinnu láti mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ tó gbà, nígbà tó sì fi máa di 1086 àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ ti lọ káàkiri, wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ogun tó dé, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, iye ohun ìtúlẹ̀, iye ọlọ, iye owó tó ń wọlé. Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní Domesday. Ibi 13,418 ló wà nínú rẹ̀, ìkànnì yìí sì to gbogbo wọn sórí máàpù, lọ́fẹ̀ẹ́, láìbéèrè orúkọ tàbí nọ́ńbà káàdì. Ẹ lè fi orúkọ ìlú wá a, ẹ lè fi orúkọ ènìyàn wá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Hull, J. J. N. Palmer, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kó àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ jọ.

A kọ William de Warenne, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ìjòyè Lewes yẹn. Máàpù náà kún: Lewes àti àyíká rẹ̀ ní Sussex, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Norfolk, Conisbrough lọ́hùn-ún ní Yorkshire. Mo tẹ Conisbrough, mo rí i pé ọwọ́ Harold ló wà tẹ́lẹ̀, Harold kan náà, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí William ṣẹ́gun, tí wọ́n pa lójú ogun Hastings. Ohun tó mú mi jókòó ni fọ́tò ojú ìwé náà gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé ọdún 1086, tàdáwà dúdú, ìlà pupa tí wọ́n fi la orúkọ ìlú já. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fagi lé e ni. Bàbá ló ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń mú kí orúkọ hàn nìyẹn nígbà náà, bí àwa ṣe ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀.

Àmọ́ o, ìwé owó ni, kì í ṣe ìwé ìran. Kò ní sọ ẹni tó bí ẹnì kan fún yín. London àti Winchester kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Durham àti Northumberland. Orúkọ tó wà níbẹ̀ sì lè mú orí fọ́: "Robert" lásán, "William" lásán, bí ẹni ń wá Táíwò kan nílùú Ìgbò-Ọrà. Ẹni tó bá ní àfikún, orúkọ abúlé rẹ̀ ní Normandy ló sábà máa ń jẹ́ tẹ̀lé "de", tàbí orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀lé "Fitz", tó túmọ̀ sí ọmọ. Nítorí náà bàbá àti ọmọ lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ ìyá méjì lè gba abúlé méjì kí wọ́n sì di ìdílé méjì. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ìdílé òde òní wá ènìyàn nínú Domesday, inú òkùnkùn ló wà. Kódà Warren tí ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti Varenne ní Normandy wá. Ibi tí wọ́n ti ń sin ehoro náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn.

Medieval Lands kò lẹ́wà rárá. Charles Cawley ló kó o jọ, orí ìkànnì Foundation for Medieval Genealogy ló wà. Kò sí àwòrán, kò sí àtẹ. Ojú ìwé gùn débi pé ìka á ro ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àgbà tó mọ ìtàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa: kò ní dá a sọ lórí ara rẹ̀, á ní ẹnu bàbá òun lòun ti gbọ́ ọ, ìyá àgbà wọn ló sì ṣojú rẹ̀. Bí Cawley ṣe ń ṣe nìyí. Kò ní sọ pé Lágbájá bí Làkásègbè kó má fi nọ́ńbà sí i, kó má sọ ìwé tó wà, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀ lédè Látìn bó ṣe wà. Bí ìwé méjì kò bá bá ara wọn mu, á gbé méjèèjì kalẹ̀. Bàbá kọ́ Látìn níléèwé, ìyẹn ló gbà wá. Ẹni tí kò gbọ́ ọ máa nílò sùúrù àti ẹ̀rọ ìtumọ̀, ẹ̀rọ náà a sì máa sọ̀sọkúsọ nígbà mìíràn.

Ibẹ̀ ni ọba ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Lórí bébà Bàbá, okùn tó so Warenne mọ́ ọba ni Gundrada, ìyàwó William de Warenne àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ pé ọmọ William Aṣẹ́gun ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá ilé àwọn mọ́ńkì (ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìsìn) sílẹ̀ ní Lewes, ó sì kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Castle Acre lọ́dún 1085. Ibo ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọba ti wá? Inú ìwé ẹ̀bùn ilé mọ́ńkì náà ni, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti wò tí wọ́n sì rí i pé àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ kún un lẹ́yìn náà. Orderic Vitalis, mọ́ńkì tó kọ ìtàn àwọn ará Normandy, sọ pé arábìnrin Gherbod, ará Flanders, ni Gundrada.

Ẹ̀rí tó wá pa gbogbo rẹ̀ tì ni lẹ́tà Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Ọba Henry Kìíní, ọmọ William Aṣẹ́gun, fẹ́ fi ọmọbìnrin kan tó bí síta fún William de Warenne kejì, ọmọ Gundrada. Anselm kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, ẹbí ni wọ́n: ìran kẹrin lápá kan, ìran kẹfà lápá kejì. Ẹ bá mi rò ó. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Aṣẹ́gun ni Gundrada lóòótọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni ọkọ àti ìyàwó yẹn ì bá jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù wo ni yóò fi èyí sílẹ̀, tí yóò wá máa ka ìran kẹrin àti ìkẹfà? Láti 1888 ni òpìtàn Freeman ti rojọ́ yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn ènìyàn sì ń fi ọba sórí àtẹ wọn títí dòní.

Bàbá gbé bírò sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi gbé tíì wá, kò sì mu ún.

Mo rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa kà á lọ lọ́jọ́ kejì, a sì bá Hamelin pàdé. Earl kẹta tó ń jẹ́ William kú lọ́nà ogun àwọn onígbàgbọ́ (Crusade) lọ́dún 1148, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Isabel. Ọkọ Isabel àkọ́kọ́, ọmọ Ọba Stephen, kú ní 1159. Wọ́n wá fi Isabel fún Hamelin, ọmọ tí bàbá Ọba Henry Kejì bí síta. Hamelin gba orúkọ ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Warenne lọ títí di 1347. Ilẹ̀ ló ń jẹ́ Warenne láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ti Anjou, ní ilẹ̀ Faransé, wá. Bàbá rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ní orí Hamelin pé.

Ibi tí mo fi ìrètí díẹ̀ sílẹ̀ fún un ni pé Earl tó kú ní 1347 kò bí ọmọ lábẹ́ òfin, ọmọ arábìnrin rẹ̀, Richard FitzAlan, ló jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bí ọmọ síta, wọ́n sì pọ̀ díẹ̀. Ta ló mọ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ ó lò: ẹni tó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kó wọ Open Domesday, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Medieval Lands, mẹ́rin, mo yọ ọ̀kan nítorí Látìn. Èyí tó ń gbowó, ẹ lò ó fún bàbá yín àti bàbá bàbá yín tí ìwé ìbí wọn wà nílẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Southover ní Lewes. Òkúta ibojì Gundrada wà níbẹ̀, dúdú, ó ń dán, wọ́n fín òdòdó àti lẹ́tà sí i lára yípo. Abúlé Isfield ni wọ́n ti rí i ní 1775, lórí ibojì ẹlòmíràn. Ní 1845, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè gba ibi tí ilé mọ́ńkì wà, wọ́n hú àpótí òjé méjì jáde tí eegun Gundrada àti ti ọkọ rẹ̀ wà nínú wọn. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Látìn náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Stirps Gundrada ducum." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ìran àwọn dúúkù. Wọn ò kọ ọba."

Ó tún un kà. Ó ní, "Dúúkù náà kò burú."

Nígbà tí a délé, ó ní kí n bá òun mú sísọ́ọ̀sì wá. Bébà mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tí obìnrin 1310 wà nínú rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.