Àmù tó ń làágùn, ìṣaasùn tí kò gbọdọ̀ làágùn: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ ní Ìlọrin

Kí ẹ tó béèrè "Èló ni?" ní Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlele, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìkòkò náà ṣe. Ìkòkò méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe ni èkejì kò lè ṣe. Ara àmù ń làágùn, òun ló fi ń mú omi tutù. Ara ìṣaasùn kò gbọdọ̀ làágùn, nítorí epo àti omi ọbẹ̀ ló máa bá a lọ. Ẹni tó bá ra ọ̀kan fún iṣẹ́ èkejì á ná owó rẹ̀ dànù, á sì máa sọ káàkiri pé ìkòkò amọ̀ kò dára mọ́. Ìkòkò kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ kan náà, iná kan náà

Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ yìí. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa fà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ kan dojú bolẹ̀, wọ́n á bu eérú sí i lẹ́yìn kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tuntun lé e, wọ́n á sì máa lù ú kí ó tẹ́ bákan náà yí ká. Bó bá ti le díẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ kúrò, wọ́n á yí i sókè, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ yí bí okùn mọ ọrùn àti ẹnu rẹ̀. Ibi tí ara ti pàdé ọrùn yẹn, ẹ fi í sọ́kàn. Bí a kò bá fi ọwọ́ rẹ́ ẹ pọ̀ dáadáa, tàbí tí ìsàlẹ̀ ti gbẹ jù kí a tó mọ òkè lé e, ibẹ̀ ni ìkòkò máa kọ́kọ́ là.

Ìyàtọ̀ ńlá wà níbi dídán àti níbi ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó jáde nínú iná. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń fi òkúta tó jọ̀lọ̀ tàbí kóró èso tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ fá lára kó tó gbẹ tán, kí ojú ihò kéékèèké rẹ̀ lè pa dé. Nígbà tó bá ṣì gbóná janjan, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá sè sí i lára. Omi yìí ló ń sọ ìkòkò di dúdú, òun náà ló sì ń dí ihò tó kù. Nítorí náà, dúdú tó ń dán kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán; iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n lè wọ́n omi yìí sí àmù náà fún ẹwà. Bó bá jẹ́ ọrùn nìkan tàbí ojú kan níhìn-ín lọ́hùn-ún, kò burú. Bó bá bo gbogbo ara rẹ̀ tó ń dán kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, àmù náà rẹwà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò ní tutù bíi ti èyí tí ara rẹ̀ pupa, tí kò sì jọ̀lọ̀ lọ́wọ́.

Àmù àti ìṣaasùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Àmù | Ìṣaasùn |
|---|---|---|
| Ara | Pupa, kò jọ̀lọ̀, ó ń mu omi | Dúdú tàbí pupa tó dán dáadáa |
| Ikùn | Ńlá, yípo, ọrùn rẹ̀ há kí eruku má baà wọlé | Fẹ̀, kò jìn, ẹnu rẹ̀ ṣí kí ṣíbí lè dé ìsàlẹ̀ |
| Ìwọ̀n tó wúlò nílé | Èyí tó gba kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan tàbí méjì | Èyí tó gba ọbẹ̀ ènìyàn 4 sí 6 |
| Ohun tó ń pa á | Jíjábọ́, àti gbígbé e nígbà tó kún | Omi tútù lórí ara gbígbóná |
| Ohun tí ẹ máa rà mọ́ ọn | Ọmọrí, igbá tó ní ọwọ́ gígùn | Ọmọrí, òṣùká |

Bí àmù ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Omi tó yọ sí i lára ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ti ń gbẹ ló ń fa ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Nígbà ọyẹ́ àti ní oṣù kejì, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi àmù á tutù débi tí yóò fi yà yín lẹ́nu. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, èyí tó wà lára àmù kò rí ibi gbẹ sí, omi inú rẹ̀ kò sì ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún yín nígbà yẹn. Ojú ọjọ́ ló fa á.

Ibi tí ẹ gbé e sí tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Inú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa kò wúlò fún un. Ibi tó ní òjìji tí atẹ́gùn sì ń kọjá ló fẹ́, lórí iyanrìn tútù, kì í ṣe lórí tábìlì onígi: àmù tó gba 50 lítà, omi inú rẹ̀ nìkan tó 50 kílò, láìka ìkòkò fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa fíríìjì. Fíríìjì tutù ju àmù lọ fíìfíì, kò sì sí ẹni tó lè fi àmù tọ́jú ẹran. Ohun tí àmù ní ni pé kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àmù kì í pa kòkòrò àrùn. Omi kànga tí kò mọ́ tí ẹ bù sínú rẹ̀, omi kànga tí kò mọ́ tó tutù ni yóò dà. Ẹ sè é kó tutù kí ẹ tó bù ú sí i, kí ẹ sì fi igbá ọlọ́wọ́ gígùn bu omi kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kan án.

Ní ti ìṣaasùn àti ìkòkò àlùmíníọ̀mù: ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀, kó lo àlùmíníọ̀mù. Ìṣaasùn máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná, ẹ lè yọ èédú kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí ọbẹ̀ ṣì máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, gbẹ̀gìrì àti ẹ̀wà tó ń fẹ́ iná kékeré fún ìgbà pípẹ́ ló bá a mu jù, nítorí ooru rẹ̀ yí ìkòkò ká, kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan, kì í sì í tètè jóná. Ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi epo gbígbóná dín kíákíá, ẹ jẹ́ kí ìkòkò irin ṣe é.

Agbada, ajere àti ìkòkò òdòdó

Agbada amọ̀ fẹ̀, kò jìn. Àwo irin ti gba iṣẹ́ gaarí dídín lọ́wọ́ rẹ̀ níbi púpọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń dín tà. Fún ilé, ẹ ra èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bákan náà láti àárín dé etí. Ajere, ìkòkò oníhò, ni kí ẹ fi ìka ro ihò rẹ̀ wò: ihò tí wọ́n lu kí amọ̀ tó gbẹ, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, èyí tí wọ́n lu lẹ́yìn iná sábà máa ń ní ìlà tín-ínrín tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìkòkò òdòdó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má sì bu omi mímu sí i láé. Ọ̀dà ti dí ara rẹ̀, iná á sì bó o sínú ọbẹ̀ yín.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ tàbí sórí òṣùká, ẹ má dì í mú ní ẹnu, kí ẹ fi eegun ìka kàn án. Bó bá dún gooro bí agogo, ara rẹ̀ pé. Bó bá dún gbọ̀, ó ti là níbì kan, bí ojú yín kò tilẹ̀ rí i. Ẹ kàn án níbi mẹ́ta: ìsàlẹ̀, ikùn, ọrùn.

Ẹ fi ìka tútù ra inú rẹ̀. Bí amọ̀ bá bá ìka yín jáde, iná rẹ̀ kò tó, omi á sì tú u. Bí etí rẹ̀ bá ti ṣẹ́ díẹ̀, ẹ wo inú ibi tó ṣẹ́: bí àárín rẹ̀ bá dúdú bí èédú, iná kò wọ inú dáadáa. A lè fara mọ́ ọn fún àmù. Fún ìṣaasùn, ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó wà káàkiri ìta ìkòkò pupa, ibi tí igi iná ti fara kàn án ni, kò ní àléébù kankan.

Ẹ gbé àmù sókè kí ìdí rẹ̀ kọjú sí oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹnu bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ìyá kó jẹ́ kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí èyí. Ara tó rọ bákan náà yí ká lẹ́yìn àkókò kan, làágùn ni, ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Omi tó ń ṣàn ní ojú kan ṣoṣo, jíjò ni, kò sí ohun tó lè wò ó sàn. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tó sì le yàtọ̀ sí ìyókù: símẹ́ńtì ni. Ó lè dúró lára àmù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí iná, símẹ́ńtì àti amọ̀ kì í fẹ̀ bákan náà, wọ́n á sì pín yà.

Ọmọrí, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ rà á mọ́ ìkòkò. Amọ̀ máa ń sún kì nínú oòrùn àti nínú iná, ọmọrí ìkòkò mìíràn kì í sábà dé èyí tí ẹ ní nílé.

Dada tàbí ọjà?

Ní Dada, lọ́dọ̀ ẹni tó ń mọ ìkòkò fúnra rẹ̀, ẹ máa rí ọ̀pọ̀ láti ṣà nínú rẹ̀, ẹ sì lè pàṣẹ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Ẹ kí wọn dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," kí ẹ tó ná a. Lọ́jà, owó èyí tó fọ́ lọ́nà wà lórí èyí tó kù, nítorí náà ó máa ń wọ́n ju ti Dada lọ. Àǹfààní ọjà ni pé ìkòkò tó ti la ìrìn àjò náà já láìfọ́ ti kọjá ìdánwò kan. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan, tó sì ń gbé ní apá ibòmíràn nínú ìlú, ọjà tó fún un. Ẹni tó fẹ́ mẹ́ta sókè, kó lọ sí Dada.

Ẹ rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹ bá lè dúró. Nígbà òjò, amọ̀ kì í tètè gbẹ, ìkòkò tí a bá kánjú gbé sínú iná pẹ̀lú omi lára rẹ̀ á bẹ́, èyí tí kò bẹ́ sì lè ti là nínú. Ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ nígbà òjò, kó fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kó má sì ṣe dà á láàmú.

Fún àwọn tó ń gbé e lọ sí Ọ̀fà, Omù-Àrán tàbí síwájú sí i: ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí aṣọ àtijọ́ kún inú rẹ̀, kí ẹ fi kékeré sínú ńlá pẹ̀lú koríko láàárín wọn. Ìkòkò méjì kò gbọdọ̀ fara kanra. Ẹ má gbé èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ó wúwo, kò sì le tó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé

Àmù: ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi àti kàn-ìn-kàn láìsí ọṣẹ, nítorí amọ̀ á mu ọṣẹ, á sì máa dá a padà sínú omi mímu yín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ bu omi kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta títí ìtọ́wò amọ̀ á fi dín kù. Bó bá pẹ́ tí kò tutù mọ́, nǹkan funfun inú omi ti dí ihò rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ìta rẹ̀, kí ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan.

Ìṣaasùn: ẹ rì í sínú omi fún wákàtí mẹ́fà, kó gbẹ, kí ẹ fi epo pupa pa á nínú àti níta. Ẹ po ògì tó ṣàn sínú rẹ̀, ẹ gbé e ka àdògán pẹ̀lú èédú díẹ̀, kó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Ògì á wọ inú ihò, á sì dí i. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lórí àdògán kí ẹ tó dà á nù. Bó bá jẹ́ gáàsì lẹ ń lò, ẹ fi irin pẹrẹsẹ sáàárín iná àti ìkòkò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná tó kéré jù. Ẹ má gbé e ka iná ní òfìfo. Bí ọbẹ̀ bá gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí òṣùká ni kí ó jókòó sí, kì í ṣe orí símẹ́ńtì tútù.