Ọmọ ajá tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò dì: kí lẹ máa kọ́kọ́ fowó rà?

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni Tanímọ̀la nígbà tí mo gbé e wọlé, German Shepherd tí etí rẹ̀ kan ti dúró, tí ìkejì ṣì ń wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ mímu. Mo ní ọkọ̀ tó wọ̀ ló dà á nínú rú. Lọ́sẹ̀ kejì ó ń yọ̀ bí ewédú, ó sì ń rùn débi pé aládùúgbò bi mí bóyá ṣalángá wa ló kún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti ra oúnjẹ ajá oríṣi mẹ́ta, oògùn aràn méjì àti páálí Flagyl kan. Ọmọ ajá ń jẹun bí ẹni tó ti inú ìyàn bọ̀, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Àyẹ̀wò tó wá tú àṣírí ohun tó ń ṣe é, owó rẹ̀ kò tó ti àpò oúnjẹ tó rọjú jù nínú mẹ́ta tí mo rà.

Ẹni tó bá wà níbi tí mo wà nígbà yẹn, tó ń wo igbá ọjà tí kò mọ èyí tó máa mú, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ yà sọ́jà

Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èébì léraléra, ọmọ ajá tí kò jẹun, tí ẹ pè tí kò dìde: ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ lónìí, ẹ má ra nǹkan kan. Ó lè jẹ́ parvo, àrùn ìfun ajá tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, èyí sì lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹni tó tà á fún yín ní òun ti gún un kò tó.

Ẹ rọra fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá ń lọ́ra kó tó padà síbi tó wà, omi ti gbẹ lára ajá náà. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ kí ẹ wo ẹran tó gbé eyín dúró. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ dípò kó pọ́n díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ aràn ló ń mu ún. Ajá tó gbé ṣùkù àgbàdo mì náà wà lára àwọn tí mo ń wí. Kò sí oògùn inú tó máa yọ ṣùkù tó há sí ìfun, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń yọ ọ́.

Tí ajá bá ń jẹun, tó ń ṣeré, àmọ́ tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò dì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ẹ wá jókòó.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ àbí oògùn aràn tí a kàn rọ sí i lẹ́nu?

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má fún un ní oògùn aràn. Gbogbo ọmọ ajá ló yẹ kó lò ó, yálà inú rẹ̀ dá tàbí kò dá, torí inú ìyá ni aràn gbọọrọ ti ń wọ̀ ọ́ lára, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ sì lè bá ọmú wọlé. Láti ọ̀sẹ̀ 2 la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí ajá á fi pé oṣù mẹ́fà.

Ohun tó burú ni ká máa ra oògùn kan náà léraléra ká máa retí ohun mìíràn. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Oògùn aràn méjì tí mo rà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gàdàgbà níwájú páálí. Ìgbà tí mo yí wọn padà tí mo ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ni mo rí i pé pyrantel ni méjèèjì. Pyrantel dára, àmọ́ kì í pa Giardia, kì í sì í pa coccidia. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe aràn rárá. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n, wọ́n sì wọ́pọ̀ lára ọmọ ajá tí wọ́n kó pọ̀ sójú kan fún títà.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló ń ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀. Wọ́n á po ìgbẹ́ náà mọ́ omi oníyọ̀ tàbí oníṣúgà tó ki, kí ẹyin aràn lè léfòó, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó ní àléébù kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó: ojoojúmọ́ kọ́ ni Giardia ń bá ìgbẹ́ jáde. Tí àyẹ̀wò kan bá ní kò sí nǹkan kan, kò tíì tán síbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò. Àyẹ̀wò pélébé kan tún wà tó ń wá Giardia nìkan, èsì rẹ̀ máa ń yá, àmọ́ ó wọ́n ju ti máíkírósíkóòpù lọ.

Ní ti Tanímọ̀la, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn kò rí nǹkan. Lẹ́ẹ̀kẹta ni obìnrin inú láàbù ní kí n gbé èyí tó ṣì gbóná wá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ lé ajá kiri ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú nílọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo gbé nílọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ike kékeré, mo sì bọ́ sórí ọ̀kadà. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní kí n wá wò ó fúnra mi. Nǹkan tín-ń-tín kan ń yí gbirigbiri bọ̀ bí ewé tó já lára igi tí kò tíì kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ti ń bọ́ àwọn wọ̀nyí láti ọjọ́ yìí.”

Tí ẹ bá ń sin adìyẹ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó yẹ ìgbẹ́ náà wò. Ajá tó ń jẹ kúkú adìyẹ máa ń gbé coccidia adìyẹ gba inú rẹ̀ kọjá lásán, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè máa wo ohun tí kò ṣe ajá. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, ilé ìwòsàn ẹranko tó wà lábẹ́ yunifásítì ibẹ̀ ni mo máa ń júwe fún àwọn ènìyàn.

Àwọn oògùn aràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Oògùn | Ohun tó ń pa | Ohun tí kì í pa | Bí a ṣe ń lò ó |
|---|---|---|---|
| Pyrantel | Aràn gbọọrọ tó dà bí sìpàgẹ́tì, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ | Aràn pẹlẹbẹ, Giardia, coccidia | Ẹ̀ẹ̀kan, ká tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 |
| Fenbendazole | Àwọn méjì òkè yẹn, àti Giardia | Aràn pẹlẹbẹ tí yọ̀rọ̀ ń gbé wọ inú ajá, coccidia | Ọjọ́ 3 sí 5 tẹ̀lé ara wọn |
| Praziquantel | Aràn pẹlẹbẹ, èyí tí ẹ ń rí bí hóró ìrẹsì nídìí ajá | Gbogbo ìyókù | Ẹ̀ẹ̀kan. Ó sábà máa ń wà nínú hóró kan náà pẹ̀lú pyrantel |

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó mi ká, fenbendazole ni màá mú fún ọmọ ajá tí inú rẹ̀ kò dá. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni 50 mg fún kílò kan lóòjọ́. Ẹ gbé ajá mọ́ra lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ọmọ ajá kílò 4 á gba 200 mg. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgò olómi tí wọ́n ń tà fún ewúrẹ́ àti màlúù: nínú èyí tí wọ́n kọ 10% sí, mílílítà 2 ni 200 mg, nínú èyí tí wọ́n kọ 2.5% sí, mílílítà 8 ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ka ara ìgò náà.

Abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù kò sí nínú àtẹ yẹn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Èyí tó jẹ́ 1% ní 10 mg nínú mílílítà kan, ẹran tó wúwo ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀kán kan tó lé lè di wàhálà fún ọmọ ajá, àwọn irú ajá bíi Collie sì wà tí oògùn náà ń wọ ọpọlọ wọn. Ẹni tó ní òun á gún un fún yín lẹ́bàá títì, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Coccidia ní oògùn tirẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ mọ amprolium dáadáa, wọ́n sì ń lo òun náà fún ajá nígbà mìíràn, àmọ́ dókítà ló máa wọn èyí tí ọmọ ajá máa lò.

Oúnjẹ: ti ìkòkò, ti àpò, ti dókítà

Ìrẹsì tó rọ̀ àti adìyẹ tí a yọ awọ rẹ̀ ni ó rọjú jù, ó sì ń ṣiṣẹ́: ìrẹsì ìdá méjì, ẹran ìdá kan, díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà, torí májèlé ni fún ajá, kò sì gbọdọ̀ sí ata, òróró tàbí Maggi. Ẹ má fi eegun sísè sí i, ó ń ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ni. Kálísíọ́mù inú ìrẹsì àti ẹran kò tó nǹkan, ọmọ ajá tó bá ń jẹ ìyẹn nìkan fún oṣù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí inú ajá wọn dá lórí ìrẹsì, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀ pátápátá. Mílíìkì màlúù kò sí lára rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá tó ti já lẹ́nu ọmú ni kì í bá lára mu.

Oúnjẹ àpò ni ó yẹ kí wọ́n padà sí. Ẹ má wo àwòrán iwájú. Ẹ yí i padà kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “growth” tàbí “all life stages” sí. Fún Boerboel, Rottweiler tàbí German Shepherd, ẹ wá èyí tó dárúkọ ajá ńlá, torí kálísíọ́mù tó pọ̀ jù ń ba egungun tiwọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà “sensitive” tí wọ́n ń kọ gàdàgbà kò ní ìtumọ̀ kan pàtó nínú òfin oúnjẹ ẹran. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń pè bẹ́ẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́ta tí mo rà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Oúnjẹ ajá tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n nínú àpò tó ṣí sílẹ̀ ńkọ́? Ó dín owó kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò rí ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì ń bàjẹ́ láti ọjọ́ tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí i. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn òróró tó ti pẹ́ nílé, ẹ rìn. Àpò kékeré tó dì sàn ju kóńgò márùn-ún lọ.

Ìkẹta ni èyí tí dókítà ń júwe. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ṣì wọ́n mú. Ọ̀kan kàn rọrùn fún inú ni, bíi Royal Canin Gastrointestinal Puppy. Èkejì, bíi Hill's z/d, ni èyí tí wọ́n ti gé purotéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara ajá kò fi ní dá a mọ̀ láti bá a jà. Ajá tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ kan nìyẹn wà fún, ó sì wọ́n gidi. Ẹ má rà á tí wọn kò bá tíì yẹ ìgbẹ́ wò. Ẹ béèrè bóyá ó tó fún ajá tó ṣì ń dàgbà. Tí ẹ bá sì rà á, òun nìkan ni ajá gbọdọ̀ jẹ: ẹyọ bísíkíìtì kan láti ọwọ́ ọmọdé ti bà á jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, inú tó máa dá á ti máa dá.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 yí oúnjẹ padà, kí tuntun máa pọ̀ bí ti àtijọ́ ṣe ń dín. Lẹ́yìn tí mo ka èyí ni mo rí i pé mo fọwọ́ ara mi dá kún wàhálà Tanímọ̀la, torí lójijì ni mo máa ń da ti àná nù tí mo sì ń ṣí àpò tuntun.

Àwọn nǹkan kéékèèké orí káńtà

Flagyl máa ń mú ìgbẹ́ dì fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń rà á. Ó ń pa kòkòrò rere inú ìfun pẹ̀lú, ìgbẹ́ sì máa ń padà. Tó bá pọ̀ jù, ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú kòkòrò rere bíi FortiFlora kò léwu, ó lè dín ọjọ́ ìgbẹ́ gbuuru kù díẹ̀, àmọ́ kò lè lé Giardia. ORS ti ọmọdé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wúlò fún ajá tí kò bì, díẹ̀díẹ̀. Imodium tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró ńkọ́? Rárá, kì í ṣe fún ọmọ ajá láìjẹ́ pé dókítà ló sọ ọ́.

Ẹ̀yin tó ní German Shepherd, ẹ gbọ́ èyí: tí àyẹ̀wò bá mọ́, tí ajá ń jẹun púpọ̀ tó sì ń gbẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, tó funfun, tó ní ọ̀rá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún TLI, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá èròjà tó ń da oúnjẹ tó lára rẹ̀. Àwọn kan nínú irú ajá yìí ni ẹ̀yà ara tó ń pèsè èròjà tó ń da oúnjẹ kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì sábà máa ń hàn nígbà tí wọ́n bá ti ń bàlágà. Lẹ́búlẹ́bú èròjà yẹn tí a ń pò mọ́ oúnjẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe àpò mìíràn.

Ọṣẹ ni ohun tó kẹ́yìn tí mo rà, kò sì sẹ́ni tó polówó rẹ̀ fún mi. Kòkòrò Giardia máa ń lẹ̀ mọ́ irun ìdí ajá, ajá á lá a, á sì tún kó o. Lọ́jọ́ tí oògùn bá pé, ẹ fọ ìdí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ ní ojoojúmọ́. Àwọn ọmọ tó ń rìn láìwọ bàtà lẹ́yìnkùlé náà wà nínú ewu aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ karùn-ún ni fenbendazole Tanímọ̀la pé. Mo wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà, ó gbo omi sí gbogbo ara mi. Lọ́jọ́ kẹfà, ó lọ sídìí igi mángòrò, ó tẹ̀ kókó, ohun tó sì fi sílẹ̀ dúró lórí koríko bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé lára rẹ̀. Mo pe ìyàwó mi jáde kó wá wò ó.