Owó orí èéfín àbí ọjà ìwé àṣẹ?

Swídìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí èéfín kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná sí i, ní 1991. Ìjọba ló ń dá iye owó lé e, nítorí náà oníléeṣẹ́ mọ ohun tó ń dúró dè é. Àmọ́ ta ló lè búra pé èéfín yóò dín kù tó bó ṣe yẹ?

Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn ní 2005: wọ́n fi òdiwọ̀n sí èéfín, àwọn iléeṣẹ́ sì ń ra ìwé àṣẹ láti tú èéfín jáde lọ́wọ́ ara wọn. Òdiwọ̀n dúró, owó ìwé àṣẹ ni kò dúró. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 2008, ìwé àṣẹ pọ̀ ju ohun tí wọ́n nílò lọ, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Owó orí lèmi á mú. Ó rọrùn láti ṣọ́.