Ẹ̀rọ flotation wo ni kí ẹ rà fún òkúta tó kúnná? Ìfiwéra oríṣi mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ flotation sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tọ́ọ̀nù tó lè ṣe lójúmọ́. Ìbéèrè náà dáa. Ṣùgbọ́n bí òkúta yín bá jẹ́ irú èyí tí a gbọ́dọ̀ lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú kí òjé tàbí bàbà inú rẹ̀ tó já sílẹ̀, ìbéèrè méjì mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: báwo ni ìfófó afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe ṣe kéré tó? Ṣé ó sì ní ibi tí omi mímọ́ ti ń ṣan ìhó? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fi wo ẹ̀rọ mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé síra wọn: táńkì alábẹ̀bẹ̀, òpó gíga, àti Jameson Cell.

Fún ẹni tí iṣẹ́ náà ṣì ṣàjèjì sí: a ó lọ òkúta, a ó pò ó mọ́ omi, a ó fi kẹ́míkà bíi xanthate sí i. Kẹ́míkà yìí á lẹ̀ mọ́ ara àlùmọ́ọ́nì tí a ń wá, kò ní jẹ́ kí omi rin ín mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wá wọlé láti ìsàlẹ̀, àlùmọ́ọ́nì tí omi kò rin á so mọ́ ìfófó, á bá a léfòó dé òkè, á di ìhó tí a lè gbá kúrò. Òkúta lásán á ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Broken Hill ní Australia ni iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ di ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe rí síǹkì yọ nínú òkìtì tí wọ́n ti kà sí pàǹtí.

Láàárín nǹkan bí 20 sí 150 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan), iṣẹ́ náà máa ń lọ geere. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkúta bá kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jọjọ kò wúwo tó láti já omi kọjá kó lọ kan ìfófó. Omi tó ń yí ìfófó ká ló ń gbé e lọ, bí ewé tó ń bá odò lọ ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá láì fara kàn án. K. L. Sutherland ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ní Australia ní 1948: bí ìfófó bá ṣe tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní kí wọ́n pàdé ṣe ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè bí ìfófó ṣe kéré tó. Wàhálà kejì nìyí: òkúta lásán tí kò tó 10 micron kò nílò ìfófó kankan láti gòkè. Omi tó bá ìhó lọ á gbé e lọ, á sì ba ọjà yín jẹ́. Omi tó ń ṣan ìhó láti òkè lè lé e padà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lásán ni. Wọ́n ti rí síǹkì àti òjé McArthur River ní àríwá Australia láti 1955, wọn kò sì lè wà á fún 40 ọdún, nítorí pé àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ wọnú ara wọn ju bí ẹ̀rọ ìlọta ìgbà náà ṣe lè yà wọ́n lọ. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà Mount Isa Mines àti ilé iṣẹ́ Netzsch ti Jámánì ṣe ẹ̀rọ ìlọta IsaMill, tó ń lọ̀ ọ́ títí ìdá 80 nínú 100 yóò fi kéré ju 7 micron lọ, ni wọ́n tó ṣí ibi ìwakùsà náà ní 1995. Bí ẹ bá ti lè lọ òkúta tó báyẹn, ẹ̀rọ tí yóò mú un léfòó kò lè jẹ́ èyí tí ẹ kàn rí rà.

Táńkì alábẹ̀bẹ̀

Èyí ni gbogbo ayé mọ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin ń yí nísàlẹ̀ táńkì, afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pá rẹ̀ wọlé, abẹ̀bẹ̀ á sì gé e sí wẹ́wẹ́. Ìfófó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà kan sí méjì. Ó wà ní kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, ó sì wà ní ràgàjì: TankCell e630 ti ilé iṣẹ́ Metso gba kúbíìkì mítà 630.

Ó mú sùúrù fún ẹni tó ń lò ó. Bí òkúta òní bá yàtọ̀ sí ti àná, ó ṣì máa ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, tòkunbọ̀ rẹ̀ wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì wọ́n. Rúkèrúdò inú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe àléébù pátápátá, torí ó ń fi agbára gbá òkúta kékeré mọ́ ìfófó. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ lè tó kìlówáàtì kan fún kúbíìkì mítà kan, tọ̀sán-tòru. Bí iná bá sì lọ lójijì, yanrìn á rọ̀ sílẹ̀ yí abẹ̀bẹ̀ ká, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó kọ́kọ́ tú u kí ẹ tó lè tàn án padà. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà yẹ kó ro ìyẹn dáadáa. Ní ti òkúta kíkúnná, àìsí omi ìṣanhó ni ìṣòro rẹ̀ tó pọ̀ jù: ẹ ó máa gbé ìhó kan náà kọjá nínú táńkì méjì, mẹ́ta, kó tó mọ́.

Òpó gíga

Pierre Boutin àti Rémi Tremblay ní Kánádà ló gbé èyí jáde ní àwọn ọdún 1960, àmọ́ ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí ibi ìwakùsà Gaspé ní Quebec tó fi fọ molybdenum, irú irin kan. Kò ní abẹ̀bẹ̀. Òpó náà ga tó mítà 10 sí 14. Òkúta ń wọlé lókè, ìfófó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, wọ́n sì ń pàdé lọ́nà. Ìhó orí rẹ̀ lè nípọn tó mítà kan, omi mímọ́ sì ń rọ̀ sórí rẹ̀ bí òjò. Ọjà rẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, omi yẹn ni mo kà sí jù.

Ní Brazil wọ́n fi ń ṣe irin, ṣùgbọ́n wọ́n dojú iṣẹ́ kọ òdì kejì: òkúta lásán ni wọ́n ń mú léfòó, irin á sì wà nísàlẹ̀. Sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ń pò sí i kí irin má bàa gun ìfófó. Síbẹ̀, kí wọ́n tó kó o sínú òpó, wọ́n á ti fi ẹ̀rọ yọ èyí tí kò tó nǹkan bí 10 micron kúrò, wọ́n á dà á nù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òpó ń gba ohun gbogbo, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kíkúnná tí a dà nù náà kì í tán nílẹ̀. Dáàmù Fundão tí wọ́n ń kó pàǹtí irin sí ya ní 5 oṣù kọkànlá 2015, ènìyàn 19 ló sì bá a lọ. Ẹ fi owó ibi tí pàǹtí yóò wà kún ìṣírò yín láti ọjọ́ kìíní.

Ohun tó tún ń ni òpó lára ni ẹnu páìpù tó ń tú afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ó ń dí, pàápàá bí ẹfun bá pọ̀ nínú omi. Ó nílò kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ó nílò ilé gíga.

Jameson Cell

Ẹnu páìpù tó ń dí yẹn gan-an ló bí ẹ̀kẹta. Ní 1985, Mount Isa Mines ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Graeme Jameson ti Yunifásítì Newcastle ní Australia bá wọn tún un ṣe. Ó yí ọ̀nà náà padà pátápátá. Kàkà kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi òkúta, ó jẹ́ kí pọ́ǹpù ti omi òkúta gba ihò tóóró kan, kó tú jáde pẹ̀lú agbára sínú páìpù tó dúró ṣánṣán. Omi náà fúnra rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ mọ́ra bó ṣe ń já wálẹ̀. Ìfófó tó ń tibẹ̀ jáde kéré, ó wà láàárín mìlímítà 0.3 sí 0.7, òkúta àti ìfófó sì ti so mọ́ra nínú páìpù náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Iṣẹ́ táńkì ìsàlẹ̀ kò ju kí ìhó yà sọ́tọ̀ lọ. Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Mount Isa ní 1989, àwọn ilé iṣẹ́ èédú Australia sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kò sí abẹ̀bẹ̀, kò sí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, kò ga bí òpó, omi ìṣanhó sì wà. Ìfófó kékeré àti omi ìṣanhó pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: fún òkúta kíkúnná, òun ni mo fara mọ́. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí agbára pọ́ǹpù má ṣe máa lọ sókè sódò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá apá kan omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà sínú pọ́ǹpù kí ìwọ̀n má bàa yẹ̀. Pàǹtí igi tàbí ọ̀rá tó bá bọ́ sínú omi á dí ihò yẹn, nítorí náà asẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àwọn tuntun wà: Reflux Flotation Cell ti Kevin Galvin, tó wá láti Newcastle kan náà, àti Concorde Cell tí Metso ń tà. Fún ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kọ́kọ́ lò wọ́n pẹ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ó lè jẹ́ pé òkúta yín kò nílò ìkankan. Òjé Ishiagu ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi wà nínú ẹ̀là àpáta, ó sì sábà máa ń tóbi débi tí ojú lásán lè rí i. Ìwúwo rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi yà á.

Bó bá jẹ́ kíkúnná lóòótọ́, ẹ gbé àpò òkúta kan lọ sí yàrá ìwádìí tó ní ẹ̀rọ Denver orí tábìlì, ìyẹn táńkì alábẹ̀bẹ̀ kékeré. Ẹ ní kí wọ́n mú un léfòó, kí wọ́n gbá ìhó rẹ̀, kí wọ́n fi omi mímọ́ là á, kí wọ́n tún mú un léfòó, kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra. Ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ wo ìhó náà. Ti òjé máa ń dúdú, á máa dán bíi fàdákà lẹ́bàá ẹnu táńkì. Bí òjé bá ti ń tán, ìfófó á máa funfun, á máa tóbi, á sì tètè bẹ́. Bí ọjà bá ń mọ́ sí i gidigidi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá là á, omi ni òkúta lásán ń bá gòkè, ẹ̀rọ tó ní omi ìṣanhó yóò sì san yín lówó padà. Bí kò bá mọ́ sí i, òkúta méjèèjì ṣì wà lára ara wọn. Ẹ̀rọ ìlọta ni kí ẹ fi owó yẹn rà.

Àpapọ̀ tí èmi yóò rà fún òkúta kíkúnná ni táńkì alábẹ̀bẹ̀ níwájú láti kó ohun tó pọ̀, àti Jameson Cell lẹ́yìn rẹ̀ láti fọ ọ́ mọ́. Ẹ má sì gba ìwé àdéhùn tó kàn sọ pé ẹ̀rọ yóò kó ìdá 90 nínú 100. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ iye tí yóò rí kó láàárín 10 sí 20 micron lọ́tọ̀, àti iye tí yóò rí kó lábẹ́ 10 micron lọ́tọ̀.