Mo sanwó kí wọ́n bá mi polówó géèmù lórí ayélujára: àgbéyẹ̀wò láti Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣe géèmù, tí wọ́n sì ń bá a polówó rẹ̀ lórí TikTok, Instagram, X àti Facebook. Wọ́n ti pọ̀ ní Nàìjíríà báyìí. Èyí tí mo gbé iṣẹ́ fún kò ní ọ́fíìsì ní Èkìtì rárá. Orí WhatsApp ni a ti dúnàádúrà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi nọ́ńbà àkáǹtì wọn ránṣẹ́, ₦85,000 sì ni a fẹnu kò sí. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò láti náwó sí i mọ̀ ni bí irú ìpolówó yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú géèmù tó jẹ́, nítorí orí èyí ni ìdájọ́ mi dúró lé. Èmi nìkan ni mo ṣe é nílé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn mi. Ìkógòsì ni mo ti rí èrò rẹ̀: ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù tí wọ́n ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì pàdé, síbẹ̀ tí ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ibi ìpàdé wọn yóò mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Nínú géèmù náà, ẹni tó ń gbá a ni yóò máa la ọ̀nà fún omi méjèèjì gba àárín òkúta, kí ohun ọ̀gbìn tó nílò ooru lè rí i gbà, kí ẹja inú adágún má sì bó. Kọ̀ǹpútà ni mo ṣe é fún. Orí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà lórí ayélujára, ni n ó ti máa tà á, mo sì gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí itch.io, ojú òpó géèmù mìíràn, lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn ènìyàn lè tọ́ ọ wò.

Láti ọdún 2017 ni Steam ti ń gba $100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọn kì í sì í dá a padà àfi bí ọjà náà bá pa tó $1,000. Nínú owó tó bá wọlé, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Bí ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà bá ti san $100 yẹn tán, tó tún ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìpolówó kì í ṣe owó tí ènìyàn ń fi ṣeré.

Ilé-iṣẹ́ náà kò lu jìbìtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni wọ́n ṣe: gbajúmọ̀ orí ayélujára mẹ́ta gbé fídíò náà sójú òpó wọn ní ọjọ́ tí a dá, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ kún un, ó ní òun yóò fi omi gbígbóná inú rẹ̀ tẹ ẹ̀bà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wò ó, láìkì sì ń wọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. “Nice one” ló pọ̀ jù níbẹ̀, láti ọwọ́ àwọn àkáǹtì tí kò ní àwòrán, tí wọn kò sì gbé ohunkóhun sójú òpó tiwọn rí. Àwọn tó jẹ́ ènìyàn gidi ń béèrè pé, “Ṣé ó wà ní Play Store?” Ìbéèrè yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Fóònù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyí fi ń ṣe ohun gbogbo. Wọn kò ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi gbá géèmù, Steam kò sì kàn wọ́n. Fídíò náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

N kò fi ojú lásán díwọ̀n èyí. Steam fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń ta géèmù lè fi àmì kan kún ìdí líǹkì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní UTM, kí ó lè mọ ibi tí àlejò ti wá àti bóyá ó fi géèmù náà sínú wishlist rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn géèmù tó wù ú láti rà. Líǹkì ọ̀tọ̀ ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀tọ̀ ni mo fi sórí TikTok tèmi, ọ̀tọ̀ ni ti WhatsApp. Wishlist yìí ṣe pàtàkì ju láìkì lọ fíìfíì, nítorí lọ́jọ́ tí géèmù bá jáde, Steam yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó fi í sínú tirẹ̀, wọn a sì tún fi ránṣẹ́ bí a bá dín owó rẹ̀ kù tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó tẹ láìkì ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó fi í sínú wishlist, ọ̀nà àtibá a sọ̀rọ̀ ṣì wà. Nígbà tí mo ṣí ojú ìwé ìṣirò náà, àwọn tó gba ojú líǹkì ilé-iṣẹ́ náà wọlé kò tó nǹkan, àwọn tó sì fi géèmù náà sínú wishlist nínú wọn, ìka ọwọ́ tó kà wọ́n. Fídíò kan ṣoṣo tí mo ṣe fúnra mi mú ènìyàn wá ju ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ wọn, ó sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Géèmù Among Us náà kò gbilẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ tún san ti oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó rí i.” Mo ní, “Àbúrò, ṣé irú ìpolówó yìí ló gbé Among Us dé ibi tó dé?” Kò fèsì sí ìyẹn. Ọdún 2018 ni Among Us jáde, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lókìkí títí di ọdún 2020, tí àwọn tó ń gbá géèmù níwájú òǹwòran lórí Twitch, ojú òpó tí ènìyàn ti ń wo ẹni tó ń gbá géèmù lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, tí àwọn ènìyàn sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún ara wọn tí wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan ara wọn. Gbígbá tí wọ́n ń gbá a ló polówó rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sanwó fún, kò sí ẹni kan tó jókòó gbá géèmù mi fún ìṣẹ́jú kan. Fídíò tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n kàn tún gé, tí wọ́n sì gbé síta.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gé e náà tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé. Orúkọ géèmù àti orin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí omi kankan sì tó ṣàn, àwọn ènìyàn ti fi ìka sún un kọjá. Tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi pupa, ìyẹn èyí tó gbóná, ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta, tí ẹja mẹ́ta wà nísàlẹ̀, tí omi búlúù tó tutù kò sì tíì dé. Ẹni tó ń wò ó kò nílò àlàyé. Ó ti rí ewu tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja náà yóò bó. TikTok máa ń gbé fídíò lọ síwájú àwọn tí kò mọ ẹni tó ṣe é rí, bí àwọn wọ̀nyí bá sì wò ó dé ìparí, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ó tún dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé tèmi síta, nítorí ọ̀sán ni ní New York nígbà náà, àwọn ará Yúróòpù sì ti ń kúrò níbi iṣẹ́. Mo lo #ScreenshotSaturday lórí X pẹ̀lú, àmì tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń gbé àwòrán iṣẹ́ wọn síta ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe géèmù bíi tèmi ni mo bá níbẹ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Ìmọ̀ràn wọn wúlò.

Mo kọ́ nǹkan lára Wordle náà, géèmù orí ayélujára tí ènìyàn ti ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Josh Wardle tó ṣe é fi ọ̀nà kan kún un tí ènìyàn fi lè pín àbájáde rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú igun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀, láìtú àṣírí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Kí oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e tó parí, New York Times ti kéde pé àwọn ti rà á. Èmi náà fi bọ́tìnì kan sínú èyí tó wà lórí itch.io, tó ń ya àwòrán ọ̀nà omi tí ènìyàn là. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwòrókò tí wọ́n bá mi dán géèmù náà wò ló kọ́kọ́ gbé tiwọn sórí WhatsApp, ibẹ̀ ló sì gbà kúrò lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, “Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n kó wa lọ nígbà tí a wà ní girama nìyí?” Àwọn ọmọ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọdún tí wọ́n lọ àti ẹni tó ṣubú sínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbá géèmù rí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ àti àbúrò tó ń gbá a, wọ́n sì ń fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun kan tún kù tí inú mi kò dùn sí. Kò sí èyí tó kọ ọ́ sára fídíò nínú àwọn gbajúmọ̀ mẹ́ta náà pé owó ni òun gbà, bẹ́ẹ̀ mo ti béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́. Òfin ọdún 2022 tó fi ARCON rọ́pò APCON gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà kò yọ ìpolówó orí ayélujára sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ọjà ni yóò sì bàjẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá dìde.

Nínú márùn-ún, méjì ni mo fún iṣẹ́ náà: ọ̀kan fún pípa àdéhùn ọjọ́ mọ́, ọ̀kan nítorí pé ẹni tó bá ní géèmù ọ̀fẹ́ ní Play Store lè jèrè níbẹ̀ ju bí èmi ṣe jèrè lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ lò wọ́n, kí ó ní kí wọ́n fi ojú ìwé tó ń ṣàfihàn ìlú àti ọjọ́ orí àwọn ọmọlẹ́yìn gbajúmọ̀ náà hàn òun, kí líǹkì tirẹ̀ wà lókè pátápátá nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ, kí ó sì san ìdajì owó ṣáájú. N kò san ti oṣù kejì. Steam Next Fest ni mo ń fi owó náà múra sílẹ̀ fún, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbá ìbẹ̀rẹ̀ géèmù tí kò tíì jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni géèmù lè kópa níbẹ̀, àṣìṣe kan sì ṣì wà nínú tèmi tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe: ẹja inú adágún mi ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ gba inú òkúta kọjá.