Ọgbà mẹkáníìkì kan lọ́nà Ṣàgámù: ibi tí wọ́n ti bá mi tún pùrọ̀pẹ́là SLK ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn ní Ìkòròdú, bí pùrọ̀pẹ́là (irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí táyà ẹ̀yìn) bá ń yọ yín lẹ́nu, mo mọ ibi tí wọ́n ti lè bá yín wò ó dáadáa. Ọ̀nà Ṣàgámù ni, kí ẹ tó dé Odògunyàn, ọgbà kan tó ní géètì páànù. Ọkọ̀ Jámánì ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀.

Mercedes SLK 230 Kompressor ọdún 2001 ni tèmi, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí òrùlé rẹ̀ ń ká wọ búùtù. Tó bá ti sáré dé 80, ìjókòó á máa gbọ̀n lábẹ́ mi. Tí mo bá sì fa jíà láti P sí D, màá gbọ́ "gbàù!" nísàlẹ̀. Àwọn tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá nígboro ní táyà ni. Wọ́n ṣe bálánsì, kò lọ. Ni wọ́n bá ní kí n lọ ra odidi pùrọ̀pẹ́là tòkunbọ̀.

Ọ̀gá ọgbà yìí ò dárúkọ ríra ohunkóhun. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n tú sàlẹ́ńsà àti páànù tó ń dènà ooru, ó wá pè mí: "Mà, ẹ wá fojú ara yín rí i." Mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà iwájú, oníhò mẹ́fà tó so pùrọ̀pẹ́là mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ti sán yíká gbogbo ihò rẹ̀, òwú inú rẹ̀ ti yọ síta. Rọ́bà tó gbá bíárín àárín mú ti ya kúrò lára irin, ẹnì kan sì ti gé túùbù táyà wé e! Irin pùrọ̀pẹ́là fúnra rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Ẹ wo owó tí ǹ bá fi ra odidi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo lásán. Tí ọkọ̀ mi bá ń sá 100, iye ìgbà tí irin yẹn ń yí ní ìṣẹ́jú kan sún mọ́ 3,000. Tí rọ́bà iwájú bá já lórí eré, irin náà á máa na abẹ́ ọkọ̀, ó sì lè fọ́ gíábọ́ọ̀sì.

Kí ọ̀gá tó tú u, ó fi kùn funfun fa ìlà gba ibi tí apá iwájú pùrọ̀pẹ́là ti wọ inú apá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní bí eyín wọn bá wọ ojú tí kì í ṣe tiwọn, yóò máa gbọ̀n bí gbogbo rọ́bà bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Nígbà tó dá a padà, kò fún nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín pa. Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà, wọ́n tì í síwá, wọ́n tì í sẹ́yìn, kí irin lè wá àyè ara rẹ̀, kó tó wá fi sípánà dì í. Iṣẹ́ sùúrù ni, inú mi dùn sí i gan-an.

Èmi ni mo lọ ra rọ́bà ní Ládípò. Tuntun ni ọ̀gá ní kí n rà, ó sì tọ̀nà: rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ débí, ẹ má náwó lé e. Ti iléeṣẹ́ SGF, ti Jámánì, ni mo rí rà. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦45,000, kò sì wọ́n mi.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni pé wọn ò ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bálánsì pùrọ̀pẹ́là. Bí irin tiyín bá ti wọ́ tàbí tó ti wọnú, wọ́n á ní kí ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Wọn kì í tètè gbé fóònù, kò sì síbi ìjókòó àfi bẹ́ǹṣì kan nínú oòrùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá ń fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀.