Òrí, ọṣẹ dúdú àti krímù àwọn alápòpọ̀ àdúgbò: èwo ló yẹ owó ẹni?

Nínú gbogbo ohun tí àwọn alápòpọ̀ àdúgbò, ìyẹn àwọn tó ń po ìpara àti ọṣẹ tà, ń kó wá sọ́jà, òrí ni kì í sábà dójú tini. Iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Àwọn obìnrin Òkè-Ògùn àti Kwara ti se èso emi, wọ́n ti sá a, wọ́n ti yan án, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti fi omi pò ó títí ọ̀rá fi léfòó, wọ́n sì ti sè é kí omi lè gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù fún alápòpọ̀ kò ju pé kó má bà á jẹ́.

Òrí tí wọn ò tíì fọ̀ máa ń funfun pẹ̀lú yẹ́lò díẹ̀, ó sì máa ń rùn èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó pọ́n fòò bí ìyeyè, wọ́n ti sábà fi gbòǹgbò tàbí aró kùn ún. Kò burú, àmọ́ kò sàn ju funfun lọ, ẹ má sanwó lé e nítorí àwọ̀. Ẹ bu ṣíbí kan sínú abọ́ irin, ẹ gbé e ka iná kékeré. Bó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì tètè kan. Bó bá ń ṣe bí yanrìn lọ́wọ́, kò tíì bàjẹ́. Òrí máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 38 Celsius, bó bá wá rọra dì padà fúnra rẹ̀, yóò di kókó wẹ́wẹ́. Ẹ fi abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi dì.

Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ pò títí tó fi wú bí ìfófòó dára lára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lẹ fi owó rà níbẹ̀. Ike tó kún dẹ́nu lè má ju 120 gíráàmù lọ, bí oòrùn bá sì mú un lójú ọ̀nà, ẹ ó bá a ní ìdajì. Gíráàmù ni kí ẹ bi wọ́n, kì í ṣe bí ike ṣe tóbi tó. Ẹ lè ṣe é nílé: 200 gíráàmù òrí, 40 gíráàmù àdín àgbọn, ẹ yọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó tutù dé ibi tó ti ń dì létí abọ́, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ pò ó.

Ọṣẹ dúdú ló gba ọgbọ́n jù. Wọ́n á sun èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á fi omi ro ó, wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á sì fi sè àdín ekùrọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í wọn agbára omi eérú yìí. Ti oṣù yìí lè le ju ti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ iye àdín tí wọ́n ń dà sí i kò yí padà. Bí eérú bá borí, ọṣẹ á máa ta ara. Bí àdín bá borí, á máa yọ̀ lára, kò ní hó. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kan náà, láti ọwọ́ ẹnì kan náà, fi lè tuni lára lónìí kó sì bó èèyàn lójú nígbà mìíràn. Alápòpọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń fi bébà pH, ìyẹn bébà tó ń fi nọ́ńbà hàn bí agbára eérú inú ọṣẹ ṣe tó, dán an wò. Bó bá wà láàárín 9 sí 10, ó dáa; bó bá kọjá 11, kó dá a padà sórí iná, kó fi àdín kún un. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí bébà yìí jẹ́, ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ìhó ọṣẹ dúdú kì í dúdú. Bí omi tó ń ṣàn lára yín bá dúdú bí yíǹkì, èédú tàbí aró ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ọṣẹ tó tó hóró ẹ̀wà kan tó fún ojú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i nínú omi títí yóò fi hó, ẹ má fi odidi rẹ̀ gbo ojú, torí èérún eérú lè ha awọ. Ẹ sì dé e pa, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kíá ló máa yọ́ sílẹ̀ nínú balùwẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń kùnà jù ni ohun tó bá ti ní omi nínú. Oyin, wàrà, etí erin, atalẹ̀ pupa: oúnjẹ kòkòrò àìfojúrí ni gbogbo rẹ̀. Fítámì E tí wọ́n ń kọ sára ike kì í pa kòkòrò. Kí òróró má tètè kan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí krímù olómi kò bá ní ohun tí ń dènà kòkòrò, bíi phenoxyethanol tí kò ju gíráàmù 1 nínú 100 lọ, ẹ má rà á. Ẹ yẹra fún ọṣẹ tí wọ́n fi oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí pẹ̀lú. Kíkan oje náà ń tú ọṣẹ ká, òróró á léfòó. Bí oje náà bá sì kù lára tí oòrùn pa á, ó lè jó awọ débi tí yóò lé ròrò.

Ní ti èyí tó ń ṣèlérí pé ara á mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, máàkì òdo. Eérú àti òrí kì í mú kí ara mọ́lẹ̀. Hydroquinone (kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀), mẹ́kúrì tàbí clobetasol (oògùn awọ tó lágbára) ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, clobetasol sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí èsì bá jẹ́ “àṣírí ọjà wa ni,” ẹ máa lọ.

Àdín àgbọn wọn dára lápapọ̀. Ẹ fi sí fíríìjì mọ́jú. Bó bá dì funfun jákèjádò, ó dáa, bí apá kan bá ṣì ń ṣàn lókè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ òróró mìíràn. Ọṣẹ tó ní osùn náà dára, ó ń ha ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ ẹ má fi aṣọ ìnura funfun nu ara lẹ́yìn rẹ̀.